Kò Sí Ẹ́ńjìnnì Tó Máa Bá Ọ Sọ Pé Rárá

Dúpẹ́ ọmọ mi,

Òkun o. Ṣé ẹ wà dáadáa níbẹ̀, ìwọ àti ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ? Àwa náà wà ní Karu níbí. Ọyẹ́ ti mú ètè gbogbo wa gbẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má fi oyin sí i.

O pè mí lọ́jọ́ Àìkú. O ní àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́ fẹ́ ra ọkọ̀ jíìpù fún ilé ìgbẹ̀bí tí wọ́n fi ọ́ ṣe olórí rẹ̀ lẹ́yìn Kwali, irú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà á, nítorí pé ẹrọ̀fọ̀ ni ọ̀nà ibẹ̀ ń dà tí òjò bá ti rọ̀. O ní wọ́n ní kí ìwọ fúnra rẹ yàn: ṣé èyí tó ń mu bẹntiróò ni, tàbí èyí tó ń mu dísù. O ní wọ́n ń retí èsì rẹ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Lẹ́yìn náà lo wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. O ní, "Màmá, dísù ni màá mú. Ẹ rántí ẹ̀rọ ìlọta yín. Tó bá jẹ́ dísù, kò sí ẹni tó máa wá yọ mí lẹ́nu fún epo."

Kí n tó fèsì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Ó dáa bó ṣe já, torí ariwo ni ǹ bá pa. Mo ti wá rò ó báyìí. Jókòó kí o kà á tán kí o tó dá àwọn ọ̀gá rẹ lóhùn.

Ohun tí jíìpù yẹn wà fún yé mi. Obìnrin tó ń rọbí, tí ọmọ kò fẹ́ wá, ni ẹ máa fi gbé dé ilé ìwòsàn ńlá ní Gwagwalada. Tí o bá yàn án ṣì, kì í ṣe ìwọ ló máa jìyà rẹ̀, kì í ṣe àwọn ọ̀gá rẹ. Obìnrin tó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ló máa jìyà rẹ̀. Nítorí náà, má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìlọta mi yàn án, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni o mọ̀. Ilé ìwé lo wà ní Kàbà nígbà yẹn, ìgbà ọlidé nìkan lo máa ń wá bá wa ní Nyanya. Jẹ́ kí n sọ ìdajì tó kù fún ọ.

Ẹ̀rọ bẹntiróò ni mo kọ́kọ́ rà. Ẹ̀rọ kékeré ni, ó ń pariwo, ṣùgbọ́n ó ń lọ ata, ó ń lọ ẹ̀wà, ó ń lọ sóyà. Wàhálà rẹ̀ ni pé gbogbo ilé tó wà ládùúgbò wa ló ní jẹnẹrétọ̀ kékeré, bẹntiróò kan náà ni gbogbo wọn sì ń mu. Tí iná bá ti lọ, kẹ́ẹ̀gì á bẹ̀rẹ̀ sí í dé. "Màmá Dúpẹ́, ẹ ṣàánú wa, bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀." "Màmá, ẹ kàn fún mi ní ìwọ̀nba tí ẹja inú fíríìjì ò fi ní bàjẹ́." Àbúrò bàbá rẹ tó ń gun ọ̀kadà kò tilẹ̀ ń béèrè mọ́. Ọ́ọ̀sì tó fi ń fa epo wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilé mi, bí ẹni pé èmi ni ilé epo. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn pé rárá. Mo kàn ń fajú ro. Wọ́n ń fa epo mi, wọ́n ń wo ojú mi tó le, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Ojú líle kò dá ẹnikẹ́ni dúró rí, Dúpẹ́. Fi ìyẹn sọ́kàn, torí irú ojú kan náà ni ìwọ náà ní.

Nígbà tó sú mi, mo ta á, mo ra ẹ́ńjìnnì dísù ńlá, irú èyí tí wọ́n ń fi irin yí kó tó jí. Gbogbo ènìyàn ni mo sọ fún pé torí agbára rẹ̀ ni mo ṣe rà á. Òótọ́ ni pé ó lágbára. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi rà á gan-an ni pé jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè mu dísù, ọ̀kadà náà kò lè mu ún. Mo fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bá mi sọ pé rárá kí ẹnu tèmi lè sinmi. Ohun tí ìwọ náà fẹ́ ṣe nìyẹn.

Fún ìgbà díẹ̀, ó rí bí mo ṣe fẹ́. Àbúrò bàbá rẹ wá yọ ọ́ọ̀sì rẹ̀ lórí ìṣó, ó ń kùn lọ. Ara tù mí. Àfi ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ra jẹnẹrétọ̀ ńlá, tó sì jẹ́ pé dísù ló ń mu.

Bàbá Jékọ́bù, ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn tiwa, ló ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ náà. Èèyàn dáadáa ni. Abẹ́rẹ́ lásán, kò ní jí i. Ó wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ti ṣí fìlà lórí.

"Màmá Dúpẹ́, ọ̀rọ̀ ilé Ọlọ́run ni mo bá wá o. Ìsìn ọ̀la nìyí, dísù wa ti lọ sílẹ̀."

"Ṣé kò sí nílé epo ni?"

"Ó wà. Akápò ló rìnrìn àjò. A máa dá a padà."

Mo fún un. Ta ló fẹ́ sọ fún ilé Ọlọ́run pé rárá? Ó sì dá a padà lóòótọ́. Ó tún wá, ó tún dá a padà. Ó di àṣà. Nígbà tó yá, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìlọta kan, kó má baà máa kan ilẹ̀kùn mọ́ mi létí ní ìdájí.

Nígbà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀, ó gba ẹ̀kún kẹ́ẹ̀gì kan. Láàárín ìgbà yẹn ni jẹnẹrétọ̀ ńlá náà bàjẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì sì lọ ra kékeré kan tó ń mu bẹntiróò. Bàbá Jékọ́bù kò fẹ́ kí gbèsè wà lọ́rùn òun di ọjọ́ ìkórè. Ló bá jí lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀, ó ṣí ilé ìlọta mi, ó sì da ẹ̀kún kẹ́ẹ̀gì kan sínú táńkì ẹ̀rọ mi. Bẹntiróò tó ti ń rà fún ṣọ́ọ̀ṣì ló dà sí i; lójú tirẹ̀, epo kò ju epo lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn obìnrin ti tò síta. Ẹ̀wà tí wọ́n ti rẹ, tí wọ́n ti bó, ló kún inú abọ́ wọn, torí mọ́ínmọ́ín ìkórè. Mo yí ẹ́ńjìnnì, ó jí. Ó lọ ti ẹni àkọ́kọ́. Nígbà tó dé àárín ti ẹnì kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ìgbà tí èèyàn ń fi òòlù lu irin, lẹ́yìn náà ó dákẹ́ pátápátá.

Obìnrin Gbagyi kan tó jẹ́ oníbàárà mi sún mọ́ mi. Ó ní, "Sànnu, Màmá. Ṣé epo rẹ̀ ló tán? Mo ní bẹntiróò nílé, ẹ jẹ́ n sáré gbé e wá." Ẹlòmíràn ní òun náà ní. Gbogbo wọn ló ní bẹntiróò, gbogbo wọn ló sì fẹ́ fún mi. Mo dúró síbẹ̀, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mi ò tíì mọ̀ pé bẹntiróò ló pa ẹ̀rọ náà.

Ibẹ̀ ni Bàbá Jékọ́bù ti yọ, ẹ̀rín ló bá dé.

"Màmá Dúpẹ́, mo ti dá tiyín padà o! Mo tiẹ̀ fi díẹ̀ lé e."

"Kí lẹ dà sí i, bàbá?"

"Bẹntiróò tó dáa ni. Ilé epo ni mo ti rà á, kì í ṣe tàwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì."

Ó ń retí kí n kí òun. Pọ́ńpù ẹ́ńjìnnì náà ti jẹ, nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú rẹ̀ náà ti jẹ, ó sì pẹ́ kó tó tún ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin kan ru ẹ̀wà wọn lọ síbòmíràn. Ti àwọn yòókù kan mọ́ wọn nínú abọ́.

Gbọ́ mi dáadáa. Kì í ṣe olè ló ba ẹ̀rọ mi jẹ́. Ẹni tó ń san gbèsè ni. Èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi fún un ní kọ́kọ́rọ́. Dísù kò bá mi sọ pé rárá. Ó kàn pààrọ̀ àwọn tó ń wá béèrè ni, ó sì mú kó jẹ́ pé nígbà tí ẹ̀rọ kú, kò sí ẹnì kan ládùúgbò tó ní nǹkan tó lè mu nílé.

Kí o má baà sọ pé ẹ̀rọ ìlọta kì í ṣe jíìpù, mo ní kí Káyọ̀dé ẹ̀gbọ́n rẹ gbé mi lọ sí Apo, lọ́dọ̀ Múfú, ará Ìkirun tó máa ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Mo bi í pé èwo ló dára. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ìjà lẹ fẹ́ dá sílẹ̀ níbí yìí o." Ló bá kọjú sí ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì dísù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì. "Sànní! Wá gbọ́. Màmá fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n ra dísù fún ọmọ wọn."

Sànní kò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Kai! Ṣé ẹnì kan ń béèrè ìyẹn ni? Dísù ni, Màmá! Nínú ẹrọ̀fọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló máa fà yín jáde bíi màlúù. Bẹntiróò á kàn máa ké bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Dísù kì í sì í mu epo púpọ̀."

Múfú ní, "Òótọ́ lo sọ. Wá sọ fún Màmá bó ṣe máa ń rí tó bá mu dísù tó lómi."

"Kí ló dé tó fi máa mu dísù tó lómi?"

"Ṣé ìwọ lo máa bá wọn dúró ní Kwali láti máa tọ́ ọ wò?"

Káyọ̀dé ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo bi àwọn méjèèjì pé, tí epo bá tán pátápátá nínú igbó, èwo ló rọrùn láti jí padà? Wọ́n wo ara wọn. Múfú ní bẹntiróò, èèyàn á kàn rọ òmíràn sí i ni, á sì máa lọ. Ti dísù, tó bá ti gbẹ, afẹ́fẹ́ máa ń wọ inú páìpù rẹ̀ lọ, àfi kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú u jáde. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kàn máa sitáàtì títí bátìrì á fi kú. Sànní ní ẹni tó gbọ́n kì í jẹ́ kó gbẹ. Mo dá a lóhùn pé mo ti bá ọ̀pọ̀ ẹni tó gbọ́n gbé ládùúgbò kan náà, mo sì mọ bí táńkì wọn ṣe máa ń rí.

Mi ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún ọ. Ohun tí Sànní sọ, òótọ́ ni. Dísù ló ń fà jù nínú ẹrọ̀fọ̀, òun ló sì ń mu epo níwọ̀nba. Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń la ọ̀nà lo ń ṣiṣẹ́ fún, tí wọ́n ní táńkì dísù tiwọn àti mẹkáníìkì tiwọn, dísù ni màá ní kí o mú. Ọkọ rẹ náà ní dísù á rọrùn láti tà tó bá gbó. Sọ fún un pé kì í ṣe ọkọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n wo ibi tí o wà. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi. O ní ọlọ́kadà kún oríta yín. O ní télọ̀ wà níbẹ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré, obìnrin kan sì wà lẹ́bàá ọ̀nà tó ń ta bẹntiróò nínú ìgò. O ní ilé tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ bó ìrẹsì nìkan ló ń lo dísù, tí ìrẹsì bá sì ti tán lóko, wọ́n á ti í pa. Kí ni gbogbo abúlé yẹn ní lápapọ̀? Bẹntiróò ni. Àwọn tó máa wá gbé kẹ́ẹ̀gì bá ọ ni àwọn kan náà tó lè rọ epo sí ọkọ̀ rẹ nígbà tí obìnrin bá ń rọbí tí ìwọ kò sì ní in. Nígbà ẹ̀rọ ìlọta mi, mi ò ka àwọn aládùúgbò mi sí bẹ́ẹ̀. Mo rí kẹ́ẹ̀gì wọn nìkan.

Nítorí náà, bẹntiróò ni kí o mú. Mo sì mọ ohun tí ìyẹn fẹ́ mú wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ, ìdí nìyẹn tí ìwé yìí fi gùn.

Láti kékeré ni o kò ti lè sọ pé rárá. O yá ọ̀rẹ́ rẹ ní bàtà ilé ìwé rẹ, ìwọ wọ sílípáàsì lọ, wọ́n sì nà ọ́. Nígbà tí mo bi ọ́ léèrè, o ní, "Ó bẹ̀ mí ni." Èmi lo fi jọ, kì í ṣe bàbá rẹ. Bàbá rẹ lè sọ pé rárá fún ọba. Kí o tó gba jíìpù yìí, kọ́ ọ. Ó ṣeé kọ́.

Àkọ́kọ́, má ṣàlàyé. Bí o bá ní "kò pọ̀ nínú táńkì," wọ́n á ní kí o fún àwọn ní ìdajì. Bí o bá ní "ọ̀gá mi ò gbà," wọ́n á ní ọ̀gá kò sí níbí. Sọ pé rárá, kí o wá béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ wọn. Má fajú ro. Mo ti sọ bí tèmi ṣe rí.

Èkejì ni kọ́kọ́rọ́. Jẹ́ kí wọ́n ṣe ìdérí táńkì tó ní àgádágodo, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ, kì í ṣe lọ́wọ́ awakọ̀. Awakọ̀ náà ní ìyá, ó ní àna, ó ní ẹni tó tọ́ ọ. Má fi ẹrù yẹn lé e lórí. Tí wọ́n bá dá epo padà fún ọ, níṣojú rẹ ni kí wọ́n ti rọ ọ́, kí o sì gbóòórùn rẹ̀ kí ó tó wọlé.

Má jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ ìdajì láé. Ìdajì ni kí o kà sí òfìfo. Bẹntiróò máa ń gbiná kíákíá, nítorí náà, a ò gbọdọ̀ rí kẹ́ẹ̀gì kankan nínú ọkọ̀ tí o bá gbé obìnrin sí, ìbáà jẹ́ kẹ́ẹ̀gì tó ṣófo. Tí oore ṣíṣe bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, tí mo sì mọ̀ pé á yọ ọ́ lẹ́nu, fi owó ara rẹ ra díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tó jìnnà síná, kí o máa ti ibẹ̀ ṣe oore. Tó bá tán, oore ti tán nìyẹn. Táńkì jíìpù kì í ṣe tìrẹ. Ti obìnrin tí o kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Àwọn ọlọ́kadà oríta yẹn, lọ bá wọn kí wọ́n tó wá bá ọ. Sọ fún wọn pé ìyàwó wọn ni ọkọ̀ náà wà fún. Sọ fún wọn pé ìwọ kò ní fún wọn lépo, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìwọ bá nílò rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn lo máa wá. Inú á bí wọn díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á rò ó.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ní ọwọ́ ti ń ro òun. Ó ku ohun kan.

Tí jíìpù bá dé, màá wá kí ọ. Lọ́jọ́ tí àwọn ìyàwó ilé àti àwọn àgbà abúlé bá péjọ wá wo ọkọ̀ tuntun, màá dìde láàárín wọn, màá ní, "Dúpẹ́, jẹ́ kí awakọ̀ yìí gbé mi dé Kàbà, mo fẹ́ lọ kí àwọn ẹgbẹ́ mi." Wọ́n á máa wò ọ́. Sọ pé rárá. Màá bínú. Màá béèrè bóyá èmi kọ́ ni mo bí ọ, màá sọ ọ́ sókè, kí ẹni tó wà lẹ́yìn pàápàá lè gbọ́. Má rẹ́rìn-ín, má sì bẹ̀ mí. Tún sọ pé rárá, kí o pe ọlọ́kadà kan kó gbé mi dé ibi tí màá ti wọ ọkọ̀ èrò. Màá gun ún níṣojú wọn, màá máa kùn lọ. Ẹni tó bá rí i tí o sọ pé rárá fún ìyá tó bí ọ, kò ní gbé kẹ́ẹ̀gì wá bá ọ lọ́jọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o san owó ọ̀kadà náà.

Èmi ni,
ìyá rẹ ní Karu.